Wọ́n ní gẹgẹmu ni òògùn ojú ọmọ mi: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Fámásísì. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ni olùkọ́ rẹ̀ kíyè sí pé ó máa ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó lè wo pátákó. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú níbí nílùú Ìbàdàn. Wọ́n ní ojú òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n fún un ní gíláàsì, wọ́n sì kọ òògùn olómi kan tó ń jẹ́ atropine 1%, pé kí n máa kán ẹ̀kán kan sí ojú ọ̀tún ní Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá kì í ṣe àṣìṣe, torí ojú ọ̀tún ni èyí tó dá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, mo bá kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, àbúrò ọkọ mi wo orúkọ òògùn náà lórí fóònù, ó ní irú èròjà inú gẹgẹmu ni. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti ń ta ewé àti egbò ní Ọjà Bódè kí n tó di ìyàwó ilé, gbọ́, wọ́n sì fárígá. Wọ́n ní ohun tí ń sọ ènìyàn di wèrè ni, àwọn kò ní jẹ́ kí n kán an sójú ọmọ ọmọ àwọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n tún yí ohùn padà: wọ́n ní tó bá jẹ́ pé gẹgẹmu náà ni dókítà ń wá, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, àwọn á fún omi rẹ̀, kí ni mo wá ń náwó sí? Òògùn náà ṣì wà nínú ọ̀rá, mi ò tíì ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àyànfẹ́, Òkè-Àdó

ÌDÁHÙN

Ìyá Àyànfẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú sùúrù. Kí n tó dé orí gẹgẹmu, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ojú ọ̀tún kúrò nílẹ̀, torí òun ló lè ba gbogbo nǹkan jẹ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín tún un ṣe. Kò sí àṣìṣe nínú ohun tí wọ́n kọ. Ojú tó dá ni òògùn náà ń lọ.

Ọpọlọ ló ń ríran, ojú kàn ń gbé àwòrán lọ bá a ni. Láti kékeré ni ojú òsì Àyànfẹ́ ti ń gbé àwòrán tí kò mọ́ wá, tí ti ọ̀tún sì ń gbé èyí tó mọ́ kedere. Ọpọlọ mú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó pa èkejì tì. Ẹ wo ilé tí ọmọ méjì wà, tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n nìkan ni wọ́n ń rán níṣẹ́ torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀. Àbúrò kò yarọ, kò sì yadi, àmọ́ yóò dàgbà tán láìmọ ọ̀nà ọjà. Iṣẹ́ tí atropine wá ṣe ni láti dá ẹ̀gbọ́n dúró sílé fúngbà díẹ̀. Kò ní jẹ́ kí ojú ọ̀tún rí ohun tó wà nítòsí dáadáa, yóò sì di dandan kí ọpọlọ rán ojú òsì níṣẹ́. Bí ẹ bá wá kán an sí ojú òsì, àbúrò ni ẹ dá dúró sílé yẹn, ẹ̀gbọ́n á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ, ojú òsì á sì túbọ̀ máa gbàgbé iṣẹ́.

Wọ́n ti dán èyí wò dáadáa. Lọ́dún 2002, àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ 419 tí wọn kò tíì pé ọdún méje. Wọ́n fi nǹkan bo ojú tó dá fún àwọn kan, wọ́n kán atropine sí ojú tó dá fún àwọn yòókù. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, ìríran ọ̀wọ́ méjèèjì ti gbèrú, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì tó nǹkan. Lọ́dún 2004, wọ́n tún rí i lára ọmọ 168 pé èyí tí wọ́n ń kán an fún ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan jèrè tó èyí tí wọ́n ń kán an fún lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kọ fún yín. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Àyànfẹ́, àsìkò tó dára jù lọ fún ìtọ́jú yìí ló wà, kí ó tó pé méje. Ọ̀sẹ̀ tí ìgò yẹn bá fi jókòó sínú ọ̀rá, ọ̀sẹ̀ tí a pàdánù ni. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn kan kò wúlò fún wọn, tó sì jẹ́ pé irú ìtọ́jú yìí ni wọn kò rí gbà nígbà tí wọ́n wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Màmá. Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé wọn kò parọ́. Májèlé ni gẹgẹmu láti gbòǹgbò dé òdòdó, hóró rẹ̀ sì burú púpọ̀. Àwọn kan ń pè é ní apikán, àwọn Hausa ń pè é ní zakami. Òun ni ewéko tó máa ń hù lórí ààtàn àti lẹ́bàá ọ̀nà, tí òdòdó rẹ̀ gùn, tó là lẹ́nu bí fèrè, tí èso rẹ̀ rí roboto pẹ̀lú ẹ̀gún kéékèèké lára. Ẹbí kan náà ni òun àti tòmátì, ata, ikàn àti tábà. Irú èròjà tó wà nínú rẹ̀ ni àwa apòògùn ń pè ní alkaloid. Ó pọ̀ nínú ewéko, àwa náà sì ń jẹ ẹ́ láìmọ̀: ohun tó wà nínú obì tí kì í jẹ́ kí awakọ̀ sùn lójú ọ̀nà, alkaloid ni, ohun tó ń mú ènìyàn di ẹrú tábà, alkaloid ni, kuiníìnì tí àwọn bàbá wa lò fún ibà, òun náà ni. Àwọn kan nínú wọn lágbára dé ibi pé ìwọ̀nba tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí lè yí ènìyàn padà. Atropine wà lára àwọn yẹn.

Ewéko ilẹ̀ Yúróòpù kan, belladonna, ló gbé orúkọ atropine jáde. Belladonna túmọ̀ sí arẹwà obìnrin lédè Ítálì, torí wọ́n ní àwọn obìnrin ibẹ̀ láyé àtijọ́ máa ń kán omi rẹ̀ sójú kí ọmọlójú wọn lè fẹ̀. Lọ́dún 1819, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Runge gbé ológbò lọ síwájú Goethe, òǹkọ̀wé ńlá wọn; ó ti kán omi belladonna sójú ológbò náà, ọmọlójú rẹ̀ sì ti là gbàǹgbà. Ní 1831, Mein, apòògùn ará Jámánì, wá yọ èròjà náà gan-an sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kí ó tó yọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ lò ó kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ju ewé, gbòǹgbò àti èso lọ, ewé kò sì lè sọ iye tó gbé sínú. Lẹ́yìn tó yọ ọ́, ó di ohun tí a lè gbé lé òṣùwọ̀n.

Òṣùwọ̀n yẹn ni owó yín ń rà, Ìyá Àyànfẹ́. Nínú ìgò 1%, mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán kan jẹ́ nǹkan bí ìdajì mílígíráàmù. Bó bá jẹ́ ní Agbẹni ni ẹ ti rà á, bó bá jẹ́ ní Bódìjà, bí ẹ rà á lónìí tàbí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, iye yẹn náà ni yóò jẹ́, bí ìgò náà bá ti jẹ́ ojúlówó tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Gẹgẹmu kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé tí a já lẹ́yìn òjò àti èyí tí a já nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ewé ọ̀jẹ̀lẹ́ àti èyí tó ti gbó, igi orí ààtàn yín àti èyí tó wà nídìí ògiri aládùúgbò, agbára wọn kò dọ́gba, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Màmá mọ ewé, mi ò jiyàn, èmi náà máa ń bi àwọn ìyá Ọjà Bódè ní ìbéèrè tí ìwé mi kò dáhùn. Ṣùgbọ́n kò sí ìmọ̀ ewé tó lè fi ọwọ́ wọn mílígíráàmù.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì. Hyoscine, tó jẹ́ ìbátan atropine, ló pọ̀ jù nínú gẹgẹmu tiwa, òun ló sì máa ń tètè wọ ọpọlọ lọ da nǹkan rú. Omi ewé tí a fún nílé sì máa ń kó kòkòrò àrùn dání, awọ iwájú ẹyinjú kò sì ní agbára láti bá a jà. Ojú tó ti fọ́ nítorí omi ewé tí wọ́n kán sí i kò ṣeé kà tán nílẹ̀ wa. Nítorí náà, mo bẹ Màmá pẹ̀lú ìkúnlẹ̀: kí wọ́n má fún ewé náà rárá, bó ti wù kí ó kéré tó.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí òògùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ṣi àmì rẹ̀ mú. Iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ kiri ara ní àwọn ìránṣẹ́ tó ń rán. Ọ̀kan nínú wọn ni acetylcholine. Tó bá dé ẹnu, itọ́ á sun. Tó bá dé ojú, ọmọlójú á súnkì, a ó sì lè wo ohun tó wà nítòsí. Tó bá dé ìfun, ìfun á máa yí. Tó bá dé ọkàn, ọkàn á máa rọra lù. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ṣe ń fi í rán òógùn jáde lára. Gbogbo ibi tó ń lọ yìí ló ní àga tó gbọ́dọ̀ jókòó lé kó tó lè jíṣẹ́. Atropine kò ní iṣẹ́ kankan láti jẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ gba àga náà mọ́ ìránṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Ẹnu á wá gbẹ, ọmọlójú á fẹ̀, ìfun á dákẹ́, ọkàn á máa sáré, òógùn á kọ̀ láti jáde.

Ìyà ni gbogbo èyí jẹ́ fún ẹni tó jẹ gẹgẹmu. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni àwọn dókítà ń wá fún aláìsàn kan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń falẹ̀ dé ibi tó fẹ́ dákú, atropine ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ wú nínú, tí ọmọlójú sì ń dùn ún, òun ni wọ́n ń kán kí ọmọlójú lè sinmi. Oríṣi hyoscine kan ni wọ́n fi ń ṣe Buscopan tí ọ̀pọ̀ wa ń lò bí inú bá ń lọ́ wa. Láyé àtijọ́ àwọn tó ní ikọ́ fée (asthma) máa ń fa èéfín ewéko ẹbí gẹgẹmu símú. Lónìí, òògùn tí wọ́n dárà láti ara atropine ló wà nínú díẹ̀ lára èyí tí wọ́n ń fà sẹ́nu.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti òtapíápíá. Ìdílé mélòó ló wà nílùú Ìbàdàn yìí tí kò sí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Dichlorvos ló wà nínú púpọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ lòdì sí ti atropine pátápátá. Nínú ara, ẹnìkan wà tó ń gbá ìránṣẹ́ tó ti jíṣẹ́ kúrò lórí àga. Òtapíápíá máa ń so ẹni náà lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ á wá pọ̀ rẹpẹtẹ, wọn kò ní dẹ́kun iṣẹ́: itọ́ á máa ya, omijé á máa dà, ọmọlójú á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, omi á kún inú ẹ̀dọ̀fóró títí èémí á fi há. Ohun tó lè lé wọn kúrò lórí àga kíákíá ni atropine.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́n gbé bàbá àgbẹ̀ kan wá lóru láti abúlé. Ó ti fọ́n òògùn kòkòrò sí àká ẹ̀wà rẹ̀, ó sì ti fèrèsé mọ́ ara rẹ̀. Ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ. Ìgò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, mílígíráàmù 0.6 ló wà nínú rẹ̀. Mo rò pé a ó lo bíi mẹ́ta. Dókítà ń fún un, ó ń gbọ́ àyà rẹ̀, ó ń dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mo sáré padà sí ilé òògùn lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ náà láti kó sí i wá. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, àwo irin tí a ń kó ìgò òfìfo sí ti kún. Bàbá náà la ojú, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ẹnu mi gbẹ." Dókítà tó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa." Ẹnu gbígbẹ yẹn gan-an ni àmì àkọ́kọ́ tí ń dẹ́rù bani lára ẹni tó jẹ gẹgẹmu. Lára bàbá yìí, òun ni ó jẹ́ ká mọ̀ pé ó máa yè.

Ilẹ̀ wa náà ní ìdáhùn fún atropine fúnra rẹ̀. Ẹ̀wà kan wà ní agbègbè Calabar tí àwọn Efik ń pè ní esere, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Alkaloid inú rẹ̀, physostigmine, ń so ẹni tó ń gbá ìránṣẹ́ kúrò lórí àga lọ́wọ́ bí òtapíápíá ṣe ń ṣe, ìránṣẹ́ á wá pọ̀ títí wọ́n á fi gba àga padà lọ́wọ́ atropine. Lọ́dún 1864, dókítà kan ní ìlú Prague, Kleinwächter, fi omi ẹ̀wà Calabar tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n tí atropine ti mú. Ìdí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ni Fraser, dókítà mìíràn, wá ṣàlàyé ní Edinburgh. Ní 1935, Percy Julian, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, àti Pikl ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe physostigmine láìlo ẹ̀wà náà rárá.

Ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká ṣí ọ̀rá yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara ìgò. 1% ni wọ́n kọ fún yín. Irú 0.01% wà tí wọ́n ń lò fún àwọn ọmọ tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún le jù ú lọ, nítorí náà ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan dípò èkejì ní ilé òògùn. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan yín, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ojú ọ̀tún wálẹ̀ díẹ̀, ẹ kán ẹ̀kán kan sí ààyè tó ṣí sílẹ̀ yẹn, kí ẹnu ìgò má kan ojú. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá kì í ṣe: ẹ fi orí ìka tẹ igun ojú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí omijé ń gbà lọ sí imú àti ọ̀fun. Ibẹ̀ ni òògùn ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Òun ló fà á tí àwọn ọmọ mìíràn fi máa ń sọ pé òògùn ojú korò lẹ́nu. Ẹ nu èyí tó bá ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ tún ọwọ́ yín fọ̀. Bí ọwọ́ yín bá kan ojú ara yín kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ọjọ́ bíi mélòó kan ni ìwé yóò fi máa ṣú yín lójú.

Bí ó bá dà bíi pé ẹ̀kán náà kò wọlé, ẹ má kán òmíràn lé e ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ẹ bá gbàgbé Sátidé, ẹ kán ti ọjọ́ Àìkú, ẹ má ṣe fi méjì dí i.

Ọmọlójú ọ̀tún rẹ̀ á fẹ̀ ju ti òsì lọ, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀kán tó kẹ́yìn. Kì í ṣe àrùn. Oòrùn á máa dùn ún lójú, nítorí náà ẹ wá fìlà tó ní etí fún un. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ẹ sì tún ṣe èyí: ẹ kọ orúkọ òògùn náà sínú ìwé kékeré, kí ó wà nínú báàgì iléèwé rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, dókítà tó bá rí ọmọlójú méjì tí kò dọ́gba lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú agbárí, àfi bó bá mọ̀ pé atropine wà níbẹ̀.

Àmì pé òògùn ti pọ̀ lára rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀ bí ẹ ṣe mọ orúkọ yín. Ìwé òyìnbó á sọ pé awọ ara ọmọ á pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ lè má rí pípọ́n kankan. Ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó: ara rẹ̀ á gbóná, awọ ara á gbẹ, kò ní làágùn bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan. Ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, kò ní lè tọ̀, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, ó lè máa nawọ́ mú ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìyá tó bá rí ara gbígbóná nílùú Ìbàdàn, òògùn ibà lọkàn rẹ̀ máa ń lọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ti kán atropine, bí ara ọmọ bá gbóná láìsí òógùn, ẹ má rò ó sí ibà. Ẹ dá òògùn náà dúró, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tó tutù nù ún lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, UCH tàbí Adéọ̀yọ́, èyí tó bá yá jù, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Ibi gíga ni kí ìgò náà wà, kí ó má jẹ́ inú fíríìjì níbi tí ọmọ ti ń mú ohun dídùn. Ìgò mílílítà 5 gbé mílígíráàmù 50 sínú, ọmọdé tó bá gbé e mu lè kú. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ ti ṣí i, ẹ gbé e padà fún apòògùn, ẹ ra òmíràn.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún Màmá, nítorí mo mọ bí a ṣe ń pín òògùn ojú nínú ilé. Bí ojú wọn bá ń ta wọ́n, kí wọ́n má kán èyí sí i láé. Àìsàn ojú tí òyìnbó ń pè ní glaucoma pọ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà wa, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ pé àwọn ní i. Atropine lè mú kí agbára omi inú ojú wọn ga sókè lójijì, ojú sì lè fọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá sì jẹ gẹgẹmu, bóyá ọmọdé tó ń ṣeré lórí ààtàn tàbí ọ̀dọ́ tó ń wá ohun tí yóò pa á bí ọtí, yóò máa sọ ìsọkúsọ, yóò máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ jà. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbà pé wèrè ti mú un, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ilé àdúrà. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti gbé kiri fún ọjọ́ méjì kí ẹnikẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Bí ọmọlójú bá là gbàǹgbà, tí ahọ́n gbẹ, tí ara gbóná láìsí òógùn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fi ọwọ́ wá èébì rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀ka tàbí èso tó jẹ dání, kí dókítà lè rí i.

Ẹ hú èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín kí Àyànfẹ́ tó tún lọ ṣeré níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, ẹ hú u pẹ̀lú gbòǹgbò kí èso rẹ̀ tó gbẹ kó sì fọ́n hóró sílẹ̀, ẹ má sì sun ún, torí èéfín rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó bá fà á símú. Ẹ gbẹ́ ihò, kí ẹ sin ín. Bí kò bá dá yín lójú pé gẹgẹmu ni, ẹ di ẹ̀ka kan tó ní òdòdó sínú ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní Jẹ́ríkò. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú àpẹẹrẹ ewéko gbígbẹ sí, àwọn tó wà níbẹ̀ á lè sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wẹ̀, ẹ̀kán kan, ojú ọ̀tún.